Abọ́ Mẹ́ta, Ẹran Kan

Ọjọ́ Jimọ̀ ni tíṣà ìṣirò ọmọ mi máa ń fún wọn ní àlọ́ ìṣirò kan gbé lọ sílé, kí tòbí tọmọ jọ fi orí rò ó. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yangàn nílé pé A1 ni mo gbà nínú ìṣirò ní WAEC. (Kò sí ẹni tó rí èsì ìdánwò náà rí.)

Ìwé kan àti bírò kan, 1,100 náírà. Ìwé fi 1,000 náírà wọ́n ju bírò lọ. Èló ni bírò? Ọmọ mi ò tíì kà á tán tí mo fi pariwo: “Ọgọ́rùn-ún náírà!”

“Dádì, ìwé á wá jẹ́ 1,100 nìyẹn, àpapọ̀ á di 1,200. Àádọ́ta náírà ni.”

Mo ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa.

Ti abọ́ mẹ́ta ló wá tú mi fó. Wọ́n dé abọ́ mẹ́ta pa, ẹran wà nínú ọ̀kan, méjì ṣófo. Mo yan ọ̀kan. Ẹni tó mọ ibi tí ẹran wà á wá ṣí òfìfo kan nínú méjì tí n kò yàn, á sì bi mí bóyá n óò pààrọ̀. Mo ní kí ni n óò pààrọ̀ sí? Abọ́ méjì ló kù, ọgbọọgba ni. Ọmọ mi ní rárá o, ẹni tó bá pààrọ̀ ló máa ń jẹ ẹran jù. Mo ní kó jẹ́ ká fi ẹran inú ọbẹ̀ mi dán an wò.

Mo yan abọ́, mo takú sórí rẹ̀. Òfo. Mo tún takú. Òfo. Ìgbà tí mo tilẹ̀ jẹ, pọ̀ǹmọ́ ni. Ọmọ ń pa ṣàkì mi lẹ́nu, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sínú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀.

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Mo kọ lẹ́tà gígùn sí tíṣà pé ó ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ó fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Ní 1990, nígbà tí Marilyn vos Savant kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Parade ní Amẹ́ríkà pé kéèyàn pààrọ̀, lẹ́tà bí 10,000 ló ya lù ú, àwọn tó gboyè PhD wà nínú àwọn tó ní ó ṣì í. Paul Erdős, àgbà onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Hungary, pàápàá jiyàn títí wọ́n fi fi kọ̀ǹpútà ta ayò náà léraléra fún un. Mo ka ti Erdős sókè fún ìyàwó mi. Ó ní, “Ṣé òun náà fi ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ ṣòfò ni?”

Ọmọ mi ló là mí lójú. Ó ní kí n rò ó pé ọgọ́rùn-ún abọ́ ni: mo nawọ́ mú ẹyọ kan, òun tó mọ ibi tí ẹran wà ṣí méjìdínlọ́gọ́rùn-ún tó ṣófo, ó ku ẹyọ kan. Èwo ni n óò gbà? Mo dákẹ́. Nínú mẹ́ta, ìdá kan péré ni mo mú. Ìdá méjì tó kù ti kó sórí abọ́ kan ṣoṣo tí n kò mú.

Nígbà ìpàdé àwọn òbí, tíṣà pè mí síwájú. Àpòòwé mẹ́ta, káàdì ìpè wà nínú ọ̀kan. Mo mú ti àárín. Ó ṣí ti ọ̀tún: òfìfo. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ óò pààrọ̀?” Mo kọjú sáwọn òbí, mo ṣàlàyé ìdá méjì nínú mẹ́ta bí ẹni pé èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, mo dárúkọ Erdős, mo wá fi ìyàngàn gba ti òsì.

Òfìfo. Inú ti àárín ni káàdì wà.

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngán. Ọmọ mi fọwọ́ bojú. “Dádì, ìdá kan tó kù nìyẹn.”

Mo bi í bóyá ó ní bébà lọ́wọ́. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà.