Kòtò Ọ̀rẹ̀ àti Àwọn Olùkọ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó dá mi lójú pé àgbà tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò dé Ọ̀rẹ̀ rí. Ká ní ó dé ibẹ̀ ni, ì bá rí i pé ẹni tó jìn sí kòtò lè dìde, kó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, kó sì kọ́ ará yòókù ní wèrè.

Kò sí bí ẹ ṣe máa gba títì márosẹ̀ láti Èkó lọ sí Bìní tí ẹ ò ní kan Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní 1967, tí ilẹ̀ Yorùbá fi ń wí títí dòní pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Ìjà tó kù níbẹ̀ báyìí, lábẹ́ ibòji mẹkáníìkì ni wọ́n ti ń jà á, ohun tó sì fà á ni pé ọkọ̀ wo ló dáa.

Ẹnì kan á ní, "Ẹ má ra Honda o! Gíá rẹ̀ ló sọ mí di ẹlẹ́sẹ̀ ní Odígbó." Èkejì á ní irọ́ ni, pé Honda tòun ti gbé òun dé Àbújá àìmọye ìgbà, Toyota àbúrò òun ló nọ́kì lọ́nà Ofosu. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba á mi orí, á ní láti ọjọ́ tí Peugeot 504 ti lọ, kò sí mọ́tò láyé mọ́. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ mọ̀?" Kálukú ti jìn sí kòtò tirẹ̀, kálukú sì ti di tíṣà.

Ẹ wá bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn. Ilẹ̀ á pa rọ́rọ́. Iná pupa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni yìí fi téèpù dúdú bò ó. Rédíétọ̀ ń jò, ẹni yẹn ń bu omi sí i láràárọ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé èèyàn 5, wọ́n rọ́ èèyàn 8 sínú rẹ̀, wọ́n tún di àpò kòkó sí búùtù. Bí ọkọ̀ bá wá kú, wọ́n á ní Japan ló pa á.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí yìí, tòkunbọ̀ ni. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ onílé rẹ̀ àkọ́kọ́ kó tó dé Kútọnu tàbí Èkó. A ò mọ ẹni tó wà á, a ò mọ̀ bóyá ìkún omi ti bò ó rí, bóyá ẹnì kan sì ti dá òǹkà máìlì rẹ̀ padà sẹ́yìn. Síbẹ̀, orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ la fi ń dá a lẹ́jọ́.

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Láyé ìgbà náà, 504 ni ọkọ̀ ìjọba, òun ni ọkọ̀ akérò, òun ni ọkọ̀ ẹni tó rí já jẹ. Ohun tí bàbá tó ti fẹ̀yìn tì yẹn gbàgbé ni pé kò síbi tí 504 lè kú sí tí wọn ò ní rí mẹkáníìkì tó mọ inú rẹ̀ bí ẹní mowó. Ohun kan náà ló ń gbé Toyota níyì lónìí. Páàtì rẹ̀ kún Ládípọ̀ ní Mushin, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba fìrídọ̀ọ̀mù pàápàá lè tú u palẹ̀. Toyota ń ṣàìsàn bíi tàwọn yòókù, àmọ́ kì í wá oníṣègùn tì. Ẹ gbé Volvo wá sí Odígbó kẹ́ ẹ wò ó: ibà lásán ló máa pa á.

Àwọn agbégẹdú ní tiwọn gbà pé lọ́rí Mercedes 911 kì í kú. Òótọ́ ni, kò kú. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti pààrọ̀ gíá, pákó ni wọ́n fi kan orí rẹ̀. Ohun tí Jámánì ṣe tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju orúkọ lọ.

Ti Honda Accord 2003 ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, èyí táwọn èèyàn wa sọ ní "End of Discussion". Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ní 2004, Honda fúnra rẹ̀ pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà torí gíá ọ̀tọ̀máítìkì. Accord oníplọ́ọ̀gì 6 wà níbẹ̀, oníplọ́ọ̀gì 4 kò sí níbẹ̀. Àwọn méjì tó ń jiyàn lórí Honda lábẹ́ ibòji yẹn lè máa sọ òótọ́ bákan náà, kò kàn sẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹnì kejì wò ni.

Ilé iṣẹ́ J.D. Power ní Amẹ́ríkà máa ń bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún onímọ́tò tí ọkọ̀ wọn pé ọdún 3 léèrè kó tó sọ̀rọ̀. Lexus ló gba ipò kìíní ní 2024, síbẹ̀ ìṣòro 135 ni wọ́n kà lára ọkọ̀ 100. Ẹni tó ṣe ipò kìíní nìyẹn o. Lábẹ́ ibòji tiwa, ẹnì kan ṣoṣo tó bínú ti tó láti ba orúkọ ilé iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò yọ lẹ́nu kì í yà wá jẹ́rìí. Ó ti dé Bìní.

Kòtò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní nǹkan bí 2009, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Bìní bàjẹ́ débi pé àwọn arìnrìn-àjò ń sun ojú títì. Ṣọ́ọ̀kì wo ni ìyẹn kò ní jẹ? A bú Honda, a bú Toyota, a bú Peugeot. Gbogbo ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ wa lọ́gbọ́n, kò sẹ́ni tó dárúkọ kòtò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú owó kòkó láti fi ra ọkọ̀ lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn tíṣà yìí sílẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ṣáásí ọkọ̀ náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ ní kí ọmọ yín yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó níbẹ̀, bóyá wọ́n ti pè é padà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kẹ́ ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń ta gíá rẹ̀ ní Ládípọ̀ kẹ́ ẹ tó dúnàá dúrà ọkọ̀.