Mo Fẹ́ràn Ètò Ju Ìwé Lọ

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó tú mi fó: nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nídìí ìwé kíkà, kíkọ orúkọ ìwé sílẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Bí mo bá ti pinnu pé oṣù tó ń bọ̀ ni màá fi ìtàn àròsọ sílẹ̀ díẹ̀, tí màá ka ìwé tó dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, orúkọ ìwé mẹ́jọ ti délẹ̀ nìyẹn, inú mi á sì máa dùn bí ẹni tó ti kà wọ́n tán. Ìṣirò ló kọ́kọ́ máa ń dójú ti irú wa. Ìwé mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ọjọ́ 32; oṣù tó sì gùn jù lọ kò ju ọjọ́ 31 lọ. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà sì ni The History of the Yorubas tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tó lé ní ojú ìwé 650. Láti parí rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin, ojú ìwé tó lé ní 160 ló kàn mí lójúmọ́. Bí ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti di wákàtí mẹ́jọ, láìtíì ka oko, ọjà, ìnáwó òpin ọ̀sẹ̀ àti iná tí wọ́n mú lọ mọ́ ọn. Johnson parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ìwé tó fọwọ́ kọ sọnù mọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní 1921. Ìwé tó fi ọdún 24 rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni mo fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin lé lọ.

Èrò mi ni pé ìbéèrè kan ló yẹ kí oṣù ìwé kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kí ìwé méjì tí ẹnu wọn kò kò sì dáhùn rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Ìrèsì bíi tèmi kò ní láti wá ìbéèrè lọ sókè òkun. Ìgbájọ, tí a jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, ni ibùdó ogun Ìbàdàn wà nítòsí rẹ̀ nígbà ogun Kírìjì, tí ẹgbẹ́ ogun Èkìtìparapọ̀ sì dojú kọ wọ́n láti ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ará Ìlá náà ti wà lára àwọn tó bá Ìbàdàn jà nínú ogun Jálumi ní 1878. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì, ṣùgbọ́n ibùdó kò tú pátápátá títí di 1893. Kí ni wọ́n ń dúró ṣe fún ọdún méje? Johnson lè sọ púpọ̀ níbẹ̀, nítorí òun àti Àlùfáà Charles Phillips wà lára àwọn tí gómìnà Èkó rán láti là wọ́n. Àmọ́ ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi ń wo nǹkan. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́ sì ni àgbà òṣìkà. Nítorí náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Revolution and Power Politics in Yorubaland, tí S. A. Akíntóyè, ọmọ Èkìtì, gbé jáde ní 1971, tó fi ọ̀ràn Èkìtìparapọ̀ ṣe ọkàn ìtàn náà. Èyí tí ọ̀kan pè ní ọ̀tẹ̀, èkejì lè rí i bí ìjà òmìnira. Ìjà wọn yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí oorun gbé èèyàn lọ.

Ẹnìkan á ní ètò ńlá ló ń fi ìtara sínú ènìyàn, pé ẹni tó bá ṣètò mẹ́jọ á ka mẹ́ta ó kéré tán. Ì bá dára bẹ́ẹ̀. Èyí tí irú wa máa ń kà ni ọ̀rọ̀ àkọ́sọ mẹ́jọ, a ó sì gbọ́n tó láti máa fi yọ àwọn tí kò kà rárá lẹ́nu. Ẹlòmíràn á ní àwọn ìwé wọ̀nyí wọ́n, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ wọ́n. Òótọ́ ni, mi ò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ohun tí mo lè sọ ni pé owó ìwé méjì kò tó ti mẹ́jọ, àti pé orí ìwé tó kan Kírìjì nìkan ti tó ẹni tó ń lo Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní àwọn àgbà ti mọ ìtàn náà, kí ni a tún ń fi ìwé ṣe. Ẹnu àwọn àgbà ni Johnson pàápàá ti kó púpọ̀ nínú tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ìwé méjèèjì tán ló máa mọ ohun tí yóò bi bàbá àgbà, ẹni tí kò kà á, “ṣé lóòótọ́ ni, bàbá?” nìkan ló ní lẹ́nu. Ẹni tí ogun kò wù sì lè mú Yoruba Sacred Kingship, èyí tí John Pemberton àti Fúnṣọ́ Afọláyàn kọ ní 1996 lórí ọba jíjẹ ní Ìlá Ọ̀ràngún, kó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé tirẹ̀.

Ó ku ìwà kan tí mo ti máa ń fi pamọ́. Ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n to orúkọ ìlú sí, ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, láti wò ó bóyá wọ́n dárúkọ tiwa. Mo ti máa ń kà á sí ìwà ọmọdé. Ní báyìí mo ń gbà pé nínú gbogbo àṣìṣe mi, òun nìkan ló bọ́ sójú ọ̀nà, nítorí níbẹ̀ nìkan ni mo ti ń ṣí ìwé nítorí pé nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn.