Ta Ló Ni Búùtù?

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Houston ní ọdún 2008, ọmọkùnrin kan bá mi ti kẹ̀kẹ́ ẹrù jáde ní ọjà ńlá kan. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi kó o sínú búùtù. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó tún wo bàtà náà. Àpò ìrẹsì kan, adìẹ dídì mẹ́ta, ṣé inú bàtà ni ọ̀gbẹ́ni yìí fẹ́ kó wọn sí? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi àwọn ọ̀rọ̀ tí mo gbé ti Mọ̀kọ́lá n'Íbàdàn wá pamọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Búùtù di trunk, bọ́nẹ́ẹ̀tì di hood, tọ́ọ̀ṣì di flashlight, lọ́rì di truck. Bẹntiróòlù ní tirẹ̀ di gas, ìyẹn ló dùn mí jù, nítorí gáàsì tí èmi mọ̀, ẹ̀wà la fi ń sè. Nígbà tí a fi bí Táíwò àti Kẹ́hìndé ní 2014, ẹnu mi ti dán. Àwọn ọmọ yìí ò gbọ́ búùtù lẹ́nu mi rí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ibi iṣẹ́ Ìyá Ìbejì ní kó máa bọ̀ ní London. Awakọ̀ táksí tó wá gbé wa ní Heathrow wo àpótí mẹ́jọ tó wà nílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní ká máa kó wọn sínú búùtù. Táíwò wo bàtà rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ awakọ̀ náà. Ọdún mẹ́rìnlá! Àṣé ọ̀rọ̀ mi ò kú, ilé ẹni tó ni ín ló padà sí. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń tún Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe ní Texas lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, àwọn ló wá di ará oko.

Abbey Wood la gbé sí. Fíríìjì ibẹ̀ ò ju ìbàdí mi lọ. Èyí tí a fi sílẹ̀ ní Houston, odindi ewúrẹ́ ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà ní ilé ìdáná, Kẹ́hìndé sì ti kó abọ́ sínú rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó rí i. Ṣùgbọ́n búlẹ́ńdà ló jẹ́ ká mọ̀ pé a ti kúrò ní Amẹ́ríkà. Ìyá Ìbejì kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò ní fi búlẹ́ńdà òun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Iná Amẹ́ríkà, fóólùtì 120 ni. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 230, bíi ti Nàìjíríà, pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà la sì jọ ń lò. Èmi tí mo dàgbà sídìí iná bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí n rántí. Mo ra ádápítọ̀, mo rò pé ó parí. Ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì ni ádápítọ̀ ń yí padà o, kì í yí iná padà. Tàtàṣé mẹ́rin, ata rodo mẹ́fà, àlùbọ́sà kan: búlẹ́ńdà ké tòò, ó rú èéfín, ó sùn. Ẹ̀rọ tó ń sọ fúnni pé èéfín wà nílé wá gba igbe náà lẹ́nu rẹ̀. Màmá òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kan ilẹ̀kùn. Èéfín ata ń ta á lójú, omi ń bọ́, síbẹ̀ òun ló ń sọ “sorry”. Ó sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí “sorry” yìí díẹ̀. Ní Houston, bí ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi bá kọsẹ̀, tí mo ní “sorry”, á bi mí pé kí ló dé, ṣé èmi ni mo tì í ni? Mo ṣàlàyé pẹ̀lẹ́ títí ó fi sú mi. Ní London, wàá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹni tí o tẹ̀ á máa bẹ̀ ọ́. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń sọ, wọn ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Màmá yẹn náà kì í sì í rí wa lẹ́bàá fẹ́ǹsì kó má sọ̀rọ̀ òjò. Bí kò bá sí òjò, a ó sọ̀rọ̀ òtútù. Bí oòrùn bá yọ fún wákàtí méjì, a ó sọ ti oòrùn.

“Bàbá Ìbejì, ẹ ò rí i pé Yorùbá ni ìyá yìí?” Ìyá Ìbejì ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ẹ kú òjò, ẹ kú òtútù, ẹ kú oòrùn. ‘Ẹ kú’ nìkan ló já bọ́ lẹ́nu wọn.”

Ibi tí wọn ò ti bá wa mu ni “You all right?” Ìyá Ìbejì rò pé wọ́n ń béèrè àlàáfíà òun ni. Ó dáhùn. Ó sọ ti àwọn ọmọ, ó sọ ti orúnkún Màmá mi n'Íbàdàn, ó sọ ti búlẹ́ńdà. Màmá òyìnbó dúró ti àpò pàǹtí lọ́wọ́, kò lè lọ, kò lè jókòó.

Ẹnu ẹ̀rọ omi méjì ló wà ní ilé ìwẹ̀ wa, ọ̀kan ń bó ni, èkejì ń sọ ọwọ́ di yìnyín. Àwọn ìbejì ké pe ìyá mi lórí fóònù, kó wá wo ìyà. Màmá rẹ́rìn-ín títí. “Ṣé ẹ ò ní korobá ni?” Òótọ́ ni. Ní Mọ̀kọ́lá, omi gbígbóná la máa ń kọ́kọ́ dà sínú korobá, ká tó fi tútù là á. Òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn kan korobá tirẹ̀ mọ́ ògiri ni, ó sì fi ìdérí dí ìdí rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́, Táíwò da júùsì sára, ó kígbe sí gbogbo kíláàsì pé “my pants” ti rin. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa á. Ó délé tìbínú-tìbínú, nítorí ṣòkòtò ló ń sọ. Ìyá rẹ̀ ní, “Pants, pátá: ṣé ìwọ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe dún ni?”

Kí n má baà dà bí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti mọ́tò. Apá òsì ni wọ́n ń wà á níbí. Bàbá mi ì bá ṣe é dáadáa, nítorí òsì ni Nàìjíríà náà ń wà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí wọ́n bọ́ sí ọ̀tún. Èmi ò tíì dáyé nígbà yẹn. Oṣù méjìlá péré ni wọ́n fi gbà kí n máa lo láísẹ́ǹsì Texas, lẹ́yìn náà ó di kí n lọ ṣèdánwò bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Àádọ́ta ìbéèrè, èèyàn gbọ́dọ̀ gba 43 níbẹ̀. Mo gba 46, mo ń yan káàkiri. Ọjọ́ tí a wá bọ́ sí títì, a dé ráńdábáòtù, mo dúró kí ọkọ̀ kọjá tán. Wọn ò tán. Ọmọdékùnrin tó ń dán mi wò, tó jókòó tì mí, ń kọ̀wé, ó ń kọ̀wé. Ìyá Ìbejì, ẹni tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní mọ́tò ní Houston, yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2023, Kẹ́hìndé béèrè lọ́wọ́ màmá òyìnbó pé kí ni wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ òní. Ó rò ó díẹ̀, ó ní Túsìdeè ni, ọjọ́ tí òun ń gbé pàǹtí síta. Ọmọ náà ò jẹun alẹ́. Àmọ́ nígbà tó di ọdún kejì, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí wa pé wọn ò ní ṣí lọ́jọ́ 4 oṣù keje. Kẹ́hìndé fò sókè: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà fún Amẹ́ríkà! Ó wọ ẹ̀wù alásíá rẹ̀ jáde, ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń rọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń kí wọn kú ọdún òmìnira. Ìbò ni wọ́n ń lọ dì o, èyí tí Rishi Sunak dúró kéde nínú òjò ní Downing Street. Èyí tó wá ká a lára ni pé èmi náà mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi, mo tò sórí ìlà. Ọmọ ilẹ̀ Commonwealth tó ń gbébẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò; ará Amẹ́ríkà ò lẹ́tọ̀ọ́. Kẹ́hìndé fi asíá rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ń dúró dè mí.

Ní ọjọ́ kan báyìí, a fẹ́ jáde ní alẹ́, Màmá pè láti Ìbàdàn. Táíwò ló gbé fóònù. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń yọ̀ bí ilá sọ fún un pé dádì ń kó ẹrù sínú búùtù, òun sì ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì. Màmá ní kó gbé fóònù fún mi kíákíá.

“Olúwa ṣeun o! Mo ṣe bí ẹ ní àwọn ọmọ yìí ò gbọ́ Yorùbá?”

Mo wo Ìyá Ìbejì. Ó fi ìka lé ètè.