Olè Tí Kámẹ́rà Mi Mú

"Ẹ kú ìṣọ́ o, Tíṣà!" Bí wọ́n ṣe ń kí mi ládùúgbò wa ní Mowe nìyẹn. Ẹni tó bá kí mi tán á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fọwọ́ bo ẹnu. N kì í bínú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Oṣù Kẹjọ ni, Kónfẹ́ńṣọ̀n dé, gbogbo ilé wa sì ń lọ sí Kámpù. Ilẹ̀ tí ìjọ Rìdíìmù rà ní 1983, tó jẹ́ igbó nígbà náà, ti di ìlú báyìí. Redemption City ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n Kámpù lẹnu tiwa mọ̀. Mo rò ó pé bí gbogbo wa bá kó lọ sí ìṣọ́ òru, ta ni yóò ṣọ́ ilé? Ni mo bá ra kámẹ́rà kan tó máa ń yí ọrùn kiri bí òwìwí, tó ń lo Wi-Fi láti ara MiFi, ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré ilé wa.

Oníṣẹ́ tí mo pè ní ₦15,000 lòun máa gbà. Mo ní kó máa lọ sílé ẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ní físíìsì?

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo gun àkàbà. Kámẹ́rà ń fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀ pé kí n gbé àwòrán onígun mẹ́rin tó wà lójú fóònù mi síwájú ojú òun. Mo gbé e síwájú, mo fà á sẹ́yìn, mo dà á délẹ̀, bí ẹni ń fi dígí han ewúrẹ́. Kò gbà. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọmọ mi pè láti Kánádà.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, MiFi yín, ṣé 5 ló wà àbí 2.4?"

Ẹnu mi wọhò. Ọ̀pọ̀ irú kámẹ́rà yẹn, 2.4 gigahertz nìkan ni wọ́n ń gbọ́. 5 yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń tán an lókun, 2.4 ló ń rọra wọlé dé kọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ́ ọmọ aráyé fún ọdún 31 nìyẹn. Mo yí i sí 2.4, kámẹ́rà sì lajú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó jábọ́ lórí àkàbà. Mo fi áàpù rẹ̀ sórí fóònù mi àti ti ìyàwó mi, mo kó Bíbélì, agboòrùn, MiFi àti àga kékeré mi, a gbéra.

Ní Kámpù, mo fẹ́ fi ilé mi yangàn fún ẹni tó jókòó tì mí. Mo ṣí fóònù. Dúdú kirimú! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kámẹ́rà ti kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àyà mi là gààràgà: olè ti gé e! Mo sọ fún ìyàwó mi pé mò ń bọ̀, mo sì dìde eré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbọ̀ngàn ńlá yẹn, tó gùn gan-an, tó sì fẹ̀ gan-an, ẹ mọ̀ pé ìrìnàjò ni kéèyàn tó jáde níbẹ̀. Ọkọ̀ kò rìn ní márosẹ̀, mo gun ọ̀kadà. Òjò dé, agboòrùn wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi, mo fi nylon bo orí.

Mo dé ẹnu géètì. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi.

Mo gun fẹ́ńsì. Ẹsẹ̀ kan wà nínú, ìkejì wà níta, ni ohùn kan bá sán láti òkè:

"Ìwọ olè yìí! A ti rí ẹ! Iná!"

"Iná!" Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá ló gbè é.

"Èmi ni o! Dádì ni!"

"Dádì wo? Dádì wà ní Kámpù níbí!"

Àwọn ọdẹ àdúgbò ti dé, tọ́ọ̀ṣì ti tàn sí mi lójú. Ìgbà tí wọ́n tú nylon lórí mi ni ìyàwó mi tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ tó ń bẹ àwọn alábàádúrà rẹ̀ pé kí wọ́n má bínú.

Nínú àpò mi ni MiFi wà láti àárọ̀. Èmi ni mo gbé íńtánẹ́ẹ̀tì ilé lọ sí Kámpù. Kódà, MiFi yẹn náà ni fóònù mi fi gba ìròyìn pé kámẹ́rà ti kú. Bí mo ṣe gbé e padà dé ẹnu géètì ni kámẹ́rà jí, ó rí ẹnì kan lórí fẹ́ńsì, ó sì ṣe iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ rà á: ó ta ìyàwó mi lólobó, ó sì gbé ohùn rẹ̀ dé etí mi. Fídíò náà ti dé Kánádà kí n tó bọ́ aṣọ tútù lọ́rùn. Bó ṣe dé WhatsApp ẹgbẹ́ onílé, mi ò bèèrè.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe oníṣẹ́ yẹn padà. Ó gbé ráútà tó ní síìmù tirẹ̀ wá, èyí tí yóò máa gbé ilé. Owó ti di ₦20,000. N kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó wo ráútà, ó wò mí. Ló bá padà sídìí àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó mú wáyà jáde, ó sì so ráútà náà mọ́ irin fèrèsé.