Sùúrù Ti Bọ́ Sọ́wọ́ Olè

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mi ò tíì rí ìyàwó tuntun tí wọn kò fi òwe yìí gbà níyànjú, mi ò sì tíì rí ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò fi pa lẹ́nu mọ́ nígbà tó bá béèrè ọjọ́ tí òun máa ṣe fìrídọ̀mù. Gbogbo wa la gbà pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. A sì tún gbà pé ẹlòmíràn ló ń bá wí. Mo wá ń bi ara mi léèrè pé ta ló ṣẹ́ kù tó ń fẹ̀sọ̀ mú nǹkan láyé ìsinsìnyí. Mo rí ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi nínú.

Ẹ bá mi dé etí odò ná. Kì í ṣe Ọya, kì í ṣe Ọ̀ṣun. Àwọn odò wẹ́wẹ́ tó ń ṣàn láàárín oko kòkó ní agbègbè Oǹdó kí wọ́n tó dà sínú Ọ̀wẹ̀nà ni mò ń sọ, irú odò tí géńdé lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí orúkọ rẹ̀ kò sì kọjá abúlé méjì. Odò bẹ́ẹ̀ kò gba ọkọ̀, kò gba àwọ̀n ńlá. Ìwọ̀ ló gbà. Ohun èlò ẹni tó ń dẹ ìwọ̀ kò sì pọ̀: ọ̀pá ọparun, okùn ọ̀rá, ìwọ̀, ekòló nínú agolo mílíìkì, òjé ráńpẹ́ tí yóò fa ìwọ̀ lọ sísàlẹ̀, àti ohun kékeré kan tí yóò máa léfòó lójú omi. Láyé àtijọ́, inú imọ̀ ògùrọ̀ tó fúyẹ́ ni wọ́n ti ń gé ohun kékeré yìí. Ní báyìí, sìlípáàsì tó ti já ni wọ́n ń gé. Bàtà tó ti rin gbogbo ìgboro tán, tó rò pé òun ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n tún gbà síṣẹ́ lójú omi.

Ara ègé sìlípáàsì yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ibi tí o bá so ó mọ́ lára okùn ni yóò sọ bí ekòló rẹ ṣe máa jìn tó. Àrọ̀ fẹ́ràn ìsàlẹ̀, níbi ẹrẹ̀, nítorí náà ekòló gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ odò. Ẹpìyà máa ń wà lókè díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, nítorí náà o ní láti dín okùn kù. Bí òjé bá wúwo jù, á fa sìlípáàsì rì. Bó bá fúyẹ́ jù, sìlípáàsì á sùn gbalaja, afẹ́fẹ́ á sì máa tì í kiri bí ọ̀mùtí. Ìgbà tí wọ́n bá bára wọn mu, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló máa yọ. Lẹ́yìn náà, o jókòó. Má fi òjìji rẹ bo omi. Má fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, torí ẹja ń gbọ́ ọ. Bí sìlípáàsì bá ń gbọ̀n pẹ́pẹ́, ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ló ń tọ́ ekòló wò. Fi wọ́n sílẹ̀. Bó bá rọra ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹpìyà. Ṣì ní sùúrù. Bó bá wọ omi lọ láì wẹ̀yìn, ìgbà yẹn lo tó gbé ọ̀pá. Bí o bá yá gbé e, ìwọ̀ òfìfo ni wàá rí. Bí o bá pẹ́ gbé e, wọ́n á ti jẹ ekòló rẹ tán, wọ́n á sì ti máa dágbére fún ọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn adẹ́wọ̀ mọ̀ tí wọn kì í pariwo rẹ̀: lẹ́yìn òjò, nígbà tí omi bá dàrú tó pọ́n, ni àrọ̀ ń jáde wá oúnjẹ. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ fún mi. A óò padà sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń fẹ̀sọ̀ ṣe é báyìí ni agbára gbé wọlé. Wọ́n kó oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní gamalíìnì wá sí oko kòkó láti fi pa kòkòrò kápúsídì. Kò pẹ́ tí ọlọ́gbọ́n kan fi ronú pé ohun tó lè pa kòkòrò lórí igi á lè pa ẹja nínú omi. Ó gba òkè odò lọ, ó yí agolo dà. Omi funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín wákàtí díẹ̀, àgbà àrọ̀ dojú dé, ọmọ ẹpìyà tí kò tíì tó ìka dojú dé, ọ̀pọ̀lọ́ dojú dé, akàn na ẹsẹ̀. Agbọ̀n kún ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Ní ìsàlẹ̀ odò, ìyá kan ń pọn omi tí yóò fi ro ọkà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jà, wọ́n ń ná ẹja yíyan. Májèlé tó wà nínú gamalíìnì yìí, tí wọ́n ń pè ní lindane, ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi kún àwọn tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ lábẹ́ àdéhùn Stockholm ní ọdún 2009. Ẹni tó yí agolo dà kò gbọ́ nípa Stockholm. Ohun tó mọ̀ ni pé òun kò ní àsìkò láti jókòó máa wo sìlípáàsì. Kí ló wá fi àsìkò tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe? Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń ta ayò. Nígbà tí ọdún yípo, tó dé etí odò tí kò rí ẹja kankan, ó ní àwọn aráyé ló wà nídìí ẹ̀.

Bí mo bá gbé gègé sílẹ̀ níbí, òwe ti gún, ẹ ó sì kí mi kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ìdajì òwe la rí yẹn, ti ẹni tó fagbára mú. Ẹni tó fẹ̀sọ̀ mú ńkọ́?

Ní ìparí ọdún 2015, ètò sọ-owó-dọ̀pọ̀ tí wọ́n ń pè ní MMM dé Nàìjíríà. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ló ni í. MMM tó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè rẹ̀ ti wó ní 1994, ó sì ti ṣẹ̀wọ̀n. Èrè 30% lóṣù ni ekòló tó fi sí ìwọ̀. Ẹ wá wo ọgbọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ fi owó kékeré síbẹ̀, wọ́n gba owó wọn, wọ́n gba èrè lé e. Sìlípáàsì ń gbọ̀n. Kò gbé ọ̀pá. Àwọn yẹn padà pẹ̀lú owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n tún gbà. Sìlípáàsì ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kò gbé ọ̀pá. Ó lé ní ọdún kan tó fi jókòó, kò gbin. Mi ò mọ adẹ́wọ̀ kan ní gbogbo agbègbè Ọ̀wẹ̀nà tó lè ṣe irú rẹ̀.

Ohun tí ojú odò kò rí rí tún ṣẹlẹ̀. Ẹja tó jẹ ekòló tán kò sá lọ. Ó gbé fóònù, ó ṣe fídíò, ó ní kí gbogbo ẹja gbọ́ pé ekòló náà dùn, òótọ́ sì ni. Ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wọlé ń gba 10% lórí owó onítọ̀hún, nítorí náà ẹja ń lọ láti ìdílé dé ìdílé, ó ń kó ẹ̀gbọ́n, ó ń kó àbúrò, ó ń kó ìyá ìyàwó. Báǹkì àpapọ̀ kìlọ̀. Àjọ SEC tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò kìlọ̀. A ní wọn kò fẹ́ kí mẹ̀kúnnù lówó ni. Nígbà tó di oṣù kejìlá 2016, tí ọdún Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, sìlípáàsì wọ omi lọ. Mavrodi gbé ọ̀pá.

Ẹ ó rò pé a gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Irú rẹ̀ míràn tó ń jẹ́ CBEX dé. Tirẹ̀ kì í ṣe 30%: ó ní owó á di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò wa tó ń tún fóònù ṣe fẹ́ ṣe mí lóore.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi yín sí i kó tó pẹ́ jù.”

“Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?”

“Wọn kì í ta nǹkan kan, sà.”

“Níbo wá ni èrè ti ń wá?”

“AI ni, sà. Ó ń ṣòwò fúnra rẹ̀. Kì í sùn.”

Mo gbà fún un. Láti oṣù kẹrin 2025 tí CBEX ti wó, òun náà kì í sùn mọ́. Ó ti lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ alájọ kó tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀sùn tó fi kan alájọ ni pé owó ọjọ́ kan ló ń mú lóṣù, kò sì fi èlé kankan sí i. Nítorí owó ọjọ́ kan, ó kó gbogbo owó ọdún kan fún ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀, tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Alájọ yẹn sì ń kọjá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àràárọ̀, ó ń kí i.

Nígbà tí CBEX ti ilẹ̀kùn mọ́ owó, ó tún ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn pé kí wọ́n san owó ìmúdájú kí tiwọn tó lè jáde: $100 fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó $1,000, $200 fún ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja ti wà nínú agbọ̀n, wọ́n ní kó san owó ìwọ̀. Àwọn kan sì san án! Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú bí ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, wọ́n gbé àga, wọ́n tú ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ bi ẹni tó ru àga lọ sílé pé ẹja ni àbí akàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọlá fún ọlọ́lá. Àwọn oníjìbìtì yìí ló ṣẹ́ kù tó ń pa àṣẹ àwọn baba wa mọ́. Wọ́n mọ bí omi ṣe jìn: èyí tí wọ́n máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa sọ fún òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Wọ́n mọ òjìji: wọn kì í jẹ́ kí ẹja rí ojú wọn. Wọ́n mọ ìjókòó. Àwa tí òwe wà lẹ́nu wa ló gbé agolo gamalíìnì dání, tí a ń wá ẹni tó máa fi òkè odò hàn wá, a kò mọ̀ pé inú omi gan-an la wà.

Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó tí ènìyàn kó jọ lọ́dọ̀ alájọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kò ra iye gààrì kan náà mọ́ ní ìparí rẹ̀. Ẹni tó ń sáré ní ohun tó ń lé e. Àwọn àgbà ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Ó ṣeé ṣe kí odò ìgbà tiwọn mọ́ ju tiwa lọ. Odò tiwa ti dàrú, ó ti pọ́n, ẹja sì ti jáde wá oúnjẹ. Adẹ́wọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi mú ọ̀pá jáde.

Adẹ́wọ̀ kan tún wà tí tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Ìlú Ọba máa ń fi àwọn òyìnbó adẹ́wọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kó tó na ọ̀pá ìwọ̀ sódò. Láti 15 Oṣù Kẹta títí di 15 Oṣù Kẹfà, wọn kì í dẹ ọ̀pọ̀ irú ẹja inú odò ṣíṣàn wọn rárá, kí ẹja lè yé. Nígbà tí òyìnbó bá wá mú ẹja tán, á wò ó, á ya fọ́tò rẹ̀, á rọra dá a padà sínú omi. Àwọn ará wa á ní wèrè ni. Ó kéré tán, ẹja yẹn délé. Mo ń retí ẹni tí MMM ya fọ́tò rẹ̀ tó sì dá padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá lè sọ owó di ìlọ́po méjì lóṣooṣù lóòótọ́, ₦50,000 á di ₦204,800,000 láàárín ọdún kan. Láàárín ọdún méjì, á lé ní ₦838 bílíọ̀nù. Ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní máa fi WhatsApp bẹ ìyá alágbo kó bá òun dá ₦50,000. Ẹ ṣe ìṣirò yìí lójú àwọn ọmọ yín tó ti ní fóònù. Bí ẹ bá sì ti kó sí i, tí wọ́n ní kí ẹ san owó díẹ̀ kí ti tẹ́lẹ̀ tó jáde, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ kó ẹ̀rí ìsanwó yín jọ, kí ẹ gba ọ́fíìsì EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, lọ. Ẹ sì jọ̀wọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ má pe àbúrò yín wọlé kí tiyín lè jáde.