Bọ́tìnnì 42 fún Ọmọ Lísàbí

Ní Ìlú Ọba, ọmọ Lísàbí lè san ju ọgọ́rùn-ún pọ́ùn lọ lórí kíbọ́ọ̀dù tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò ju 42 lọ. Corne lorúkọ ọ̀kan nínú irú rẹ̀: ó là sí méjì, apá ọ̀tún lọ́tọ̀, apá òsì lọ́tọ̀, kò sí ìlà nọ́ńbà lókè, kò sí F1 dé F12. Bó bá gbé e dé Òkè-Ìléwó l'Abẹ́òkúta ní Dìsẹ́ńbà, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló lù yín ní jìbìtì?" Kíbọ́ọ̀dù oníbọ́tìnnì 104 kún ọjà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Àmọ́ kì í ṣe wèrè ló ń ṣe é. Kíbọ́ọ̀dù náà ní ọpọlọ tirẹ̀; firmware ni ètò tó ń sọ fún ọpọlọ yẹn pé bí ìka bá tẹ ibí, kí lẹ́tà báyìí jáde. QMK, firmware kan tí Jack Humbert dá sílẹ̀, jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹni tó bá fẹ́ lè tún un kọ bó ṣe wù ú. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo lè tẹ "gb". Bí àtàǹpàkò bá di bọ́tìnnì mìíràn mú, e á di ẹ, o á di ọ, s á di ṣ. Abẹ́ irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn nọ́ńbà sá sí.

Àmì ohùn ni kì í jẹ́ kí ọmọ Lísàbí yìí sùn. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9, ó sì fún é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ya nọ́ńbà kankan sọ́tọ̀ fún ẹ́. Ẹ ni yóò kọ́kọ́ jáde, kí àmì òkè, 0301, tó wá gun un lórí. Lórí Windows, ó sábà máa ń gba kéèyàn tún wá ètò WinCompose kún un.

Fífi firmware tuntun sínú rẹ̀ kò le rárá. Bó bá jẹ́ ṣíìpù RP2040 ló wà níbẹ̀, wọ́n á di bọ́tìnnì BOOTSEL mú, wọ́n á ki wáyà bọ̀ ọ́, á yọ lórí kọ̀ǹpútà bíi fláàṣì, wọ́n á sì ju fáìlì UF2 sínú rẹ̀. Ó parí. Ibi tó yẹ kí ọ wà gan-an ni iyàn rẹ̀ kì í parí.

Abẹ́òkúta yìí kan náà ni òyìnbó ajíhìnrere Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn lédè Yorùbá ní 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni ẹ̀dà kan, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń to lẹ́tà. Rògbòdìyàn Ìfọ́lé ọdún 1867, tí wọ́n fi lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde, ló fòpin sí i. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá dáadáa nílé á lo Gboard lórí fóònù. Àwọn tó kù á fi ohùn ránṣẹ́, àmì kúkú ti wà nínú ohùn.

Ní Òkè-Ìléwó, ọmọ tó ń tàìpù ní ṣọ́ọ̀bù kan á gbìyànjú Corne náà. "Ẹ̀gbọ́n, 5 dà? Oníbàárà ń dúró o." Ẹ̀gbọ́n á ká wáyà rẹ̀, á wá fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ọ̀fẹ́ ti YorubaName sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ṣọ́ọ̀bù ti ń gba owó àmì lọ́tọ̀ lórí ìwé ètò ìsìnkú.