Ilẹ̀ Tí Mo Rà Nígbà Ọyẹ́

Oṣù Kìíní ni mo lọ wo ilẹ̀ náà, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ọ̀nà oko tó gba ẹ̀yìn Akínmọ̀ọ́rìn wọlé ti gbẹ, eruku pupa ń sọ lálá lẹ́yìn mọ́tò, èmi àti alágbàtà tó mú mi wá sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní láti etí títì, orin méjì kò ní tíì tán lórí rédíò tí a ó fi débẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Oṣù tí ọ̀rọ̀ náà fi ń jẹ́ òótọ́ ni kò sọ.

Ibì kan wà lójú ọ̀nà náà tó rẹlẹ̀ díẹ̀, tí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tutù yọ̀yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ gbogbo igbó yòókù ti wọ́wé. Mo yin ilẹ̀ náà títí ẹnu fi ń ro mí. "Ẹ wo bó ṣe lọ́ràá!" Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ẹ̀fọ́ tó bá tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, akùrọ̀ ló wà, àti pé ọ̀nà tó bá la akùrọ̀ kọjá, omi ló ni ín tí òjò bá dé. Alágbàtà mọ̀. Orí ló ń mì sí mi. Mo sanwó, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ri òpó ààlà, ó parí.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà, èmi àti ìyàwó mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìlọrà. Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo ní kí a yà wo ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sórí ilẹ̀ náà. Léèsì funfun ló wà lọ́rùn mi. Mọ́tò mi, ikùn rẹ̀ kò jìnnà sílẹ̀ rárá. Ìyá kan tó ń ta àgbàdo sísè ní oríta wo táyà, ó wo aṣọ mi, ó ní, "Ọmọ mi, gbé mọ́tò sílẹ̀ níbí, bọ́ bàtà, kí o fẹsẹ̀ rìn." Mo ní, "Ẹ ṣé mà, mo mọ ọ̀nà náà dáadáa." Ìyá ò dá mi lóhùn mọ́. Ó gbé àpótí rẹ̀ síbi tí yóò ti máa rí wa.

Níwájú, mo rí ipa táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹ̀gẹ́. Mo rò ó pé ibi tí ọkọ̀ ńlá bá gbà, kékeré á gbà á. Ọkọ̀ ńlá yẹn ti gbẹ́ ilẹ̀ wọnú lọ́tùn-ún lósì, ó fi gegele sílẹ̀ láàárín, orí gegele yẹn ni ikùn mọ́tò mi gúnlẹ̀ sí. Táyà ń yí, a ò kúrò lójú kan. Mo tẹná. Mo tún tẹná sí i. Gbogbo bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń gbẹ́ kòtò tirẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti oko dúró. "Ọ̀gá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́!" Mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀kan nínú wọn, àwọn yòókù dì mọ́tò mú láti tì í. Èmi wá lọ dúró sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, nínú léèsì, mo ń nawọ́ sọ́tùn-ún sósì, mo pariwo pé, "Ó yá, tẹná!" Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹrẹ̀ tó fọ́n jáde kò lọ síbòmíràn, ara mi ló bà sí, látorí fìlà dé bàtà. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀. Ó yọ fóònù, ó yà mí. Kí a tó dé Fìdítì, àwòrán yẹn ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo mọ̀lẹ́bí lórí WhatsApp.

Ìtìjú yẹn ló sọ mí di mínísítà iṣẹ́ òde. Mo ra yanrìn tíńpà kan. Yangí ni wọ́n ní kí n rà, ṣùgbọ́n yanrìn ló sún mọ́ tòsí, ó sì dínwó. Mo ní kí wọ́n dà á sí ibi tó rẹlẹ̀ jù, gẹ́lẹ́ ibi tí omi ń gbà sọdá. Òjò rọ̀. Omi dé, kò rọ́nà, ó padà sẹ́yìn, ó bo ẹbè ẹ̀fọ́ àwọn ìyá tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà. Nígbà tó kún tán, ó já, ó gbé yanrìn mi lọ, ó wá fi kòtò tó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyá bèèrè ẹni tó ṣe é. Àwọn ọlọ́kadà ní, "Ọ̀gá aláṣọ funfun ni." Títí dòní, Bàbá Oníyanrìn ni orúkọ mi lágbègbè yẹn.

Mo lọ tọrọ gáfárà. Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Omi ti ń gba ibẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ibo lẹ ní kó gbà?" Ohun kan náà ni John McAdam, oníṣẹ́ ọ̀nà ará Scotland tó kú lọ́dún 1836, ń kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì: ilẹ̀ lásán lè gbé ẹrù, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti gbẹ. Lílé omi kúrò ló ṣáájú.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka irú ọ̀nà oko tiwa yìí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àjọ DFRRI tí ìjọba Babangida dá sílẹ̀ fún ọ̀nà ìgbèríko lọ́dún 1986 ti di ìtàn. Ní oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n ṣe àmín. Kí owó náà tó dé, ọ̀wẹ̀ la bẹ̀. A gbẹ́ gọ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a ri ríìngì sí ibi tí omi ń gbà, a wá da yangí lé e, a jẹ́ kí àárín ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Oúnjẹ ni wọ́n ní kí n rà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ oko, ní Afijió bíi tèmi tàbí níbikíbi, ẹ di owó yín mú di oṣù Kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ mọ́jú, kí ẹ wá ní kí alágbàtà mú yín débẹ̀ láàárọ̀. Bó bá ní òun kò ráyè lọ́jọ́ náà, ẹ ti gbọ́ èsì yín.